Ìbọn Kan Ṣoṣo Tí Kò Dún Lẹ́yìn Mi

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú oko, ẹ kú ìdúró, ẹ kú ojú ọjọ́ tí kò dúró sójú kan. Mo kúnlẹ̀ láti Àjàṣẹ́ níbí kí yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé sìmẹ́ńtì ni orúnkún mi kàn, kì í ṣe erùpẹ̀ pupa ilé wa. Màmá mi, ẹ kú ìtọ́jú Bàbá, pàápàá lásìkò tí inú wọn kò dùn yìí. Ẹ̀gbọ́n mi Ọdẹ́wálé, mo kí yín o. Ẹ̀yin lẹ ó ka lẹ́tà yìí sí wọn létí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ibì kankan, kódà ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti korò. Mo gbà kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde kí àwọn ọmọ ọdẹ mìíràn lè rí i kà, kí àwọn tó gbé òfin tuntun dé náà sì wá ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀ fún wọn, bí àwa náà ṣe ń wá ẹni tí yóò túmọ̀ tiwọn fún wa.

Kí n tó bínú, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yọ̀. Bàbá, mo ti lọ́kọ! Mo mọ̀ pé ẹ mọ̀, ẹ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò tíì sọ ọ́ tó lẹ́nu ara mi. Bí mo bá jí láàárọ̀ tí mo rí bàtà Rámánù lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà mi lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀rín á kàn máa pa èmi nìkan. Fìríìjì ló ń tún ṣe, ọwọ́ rẹ̀ á dúdú fún epo, á sì fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, á tún un fọ̀, á gbóòórùn rẹ̀ wò, kó tó fọwọ́ kan abọ́ tí mo bu oúnjẹ sí. Ó mọ ẹja ọ̀sà dín jù mí lọ. Ó ń kọrin nígbà tó bá ń wẹ̀, orin náà kò dùn rárá, mo sì máa ń dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn kí n lè gbọ́ ọ parí. Bí a bá gun zẹ́mì, ọ̀kadà àwọn ará ibí, á sọ fún ẹni tó ń gùn ún pé kó rọra o, ìyàwó òun ló gbé. Kò sẹ́ni tó bi í. Ọjọ́ kan, ọlọ́kadà náà dá a lóhùn pé ìyàwó kọ́ lòun rí, ọlọ́run kékeré ni ó gbé lé òun lẹ́yìn. Rámánù ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni, kó máa fi sọ́kàn bó ṣe ń sá fún kòtò.

Iṣẹ́ ń lọ. Ní Ouando, nítòsí ọjà, ni mo ti ń rán aṣọ ilé-ìwé, aṣọ kakí tó le bí awọ, abẹ́rẹ́ sì ń dá nínú rẹ̀ lójoojúmọ́. Òjò ń rọ̀ gan-an báyìí. Aṣọ kì í gbẹ, ògiri ń làágùn, gbogbo nǹkan ló ń rùn bí omi ọ̀sà. Mò ń sọ èdè Ègùn bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hu eyín, àwọn alátà sì máa ń ní kí n tún un sọ, kì í ṣe pé wọn ò gbọ́, wọ́n fẹ́ rẹ́rìn-ín sí i ni. Èyí kò dùn mí. Ohun tó ń dùn mí ni òwúrọ̀. Lówùúrọ̀ nílé, ìró ọ̀pá irin tí ẹ fi ń nu inú ẹnu ìbọn yín ló máa ń jí mi, ṣẹ́rẹ́-ṣẹ́rẹ́, kí ẹ tó wúkọ́, kí ẹ tó pe Màmá. Níbí, zẹ́mì ló ń jí mi. Owó díẹ̀ tí mo fi ránṣẹ́, ẹ fi ra ọṣẹ àti iyọ̀. Ẹ má fi ra ẹ̀tù. Ẹ ó rí ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ níwájú.

Ayọ̀ mi ì bá kún, Bàbá. Kò kún. Inú ń bí mi, ó sì ti pẹ́ tó ti ń bí mi, ó ń bí mi nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ń bí mi nígbà tí mo bá ń rẹ́rìn-ín pàápàá.

Ẹ má bínú pé mo fẹ́ sọ ohun tí ẹ mọ̀, àwọn tí kò mọ̀ ń bá wa kà á. Lọ́dọ̀ wa, bí ọmọbìnrin ọdẹ bá ń lọ sílé ọkọ, bàbá rẹ̀ á dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ìbọn. Bí ọmọ bá ti gbé ẹsẹ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà àwọn àna, bàbá á yìn ín sókè, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ìró kan yẹn ni ìdágbére. Ìgbà tó bá dún tán ni ọmọ tó lè bojú wẹ̀yìn, ìgbà náà ni ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀ ṣí fún un láti máa wá kí i, láti máa gbé ọmọ wá hàn án. Bí kò bá dún, kò gbọdọ̀ wẹ̀yìn, kò sì gbọdọ̀ wọ ilé bàbá rẹ̀ mọ́, torí wọn kò tíì yọ̀ǹda rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbọn tó bá dún léraléra, tí ẹnikẹ́ni kò lè kà, ti òkú ọdẹ nìyẹn. Kò sí ọmọ abúlé wa tí kò mọ ìyàtọ̀ méjèèjì kó tó mọ orúkọ ọjọ́.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi, nígbà tí a dé ilé àwọn àna ní Djègan-Kpèvi, mo gbé ẹsẹ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà, mo sì dúró. Mo mọ̀ pé ìbọn kò sí lọ́wọ́ yín. Síbẹ̀ mo dúró, gbogbo etí mi wà lẹ́yìn. Mo rò pé bóyá ẹ ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, bóyá ẹ ó pè mí. Ìyá ọkọ mi ló rí ojú mi. Rámánù ti sọ fún wọn pé ìró kan gbọ́dọ̀ dún, wọn kò sì fẹ́ kí ìyàwó wọn wọlé pẹ̀lú omijé. Àṣé wọ́n ti ra pétáàdì pamọ́, abúgbàù tí àwọn ọmọdé máa ń tanná sí nígbà ọdún, odidi ìdì kan tí wọ́n fi okùn so pọ̀. Wọ́n fà á yọ lábẹ́ aṣọ tí wọ́n ró, wọ́n ṣáná sí i fúnra wọn, wọ́n jù ú sójú títì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dún, kò sì dákẹ́. Àwọn obìnrin hó yèè, wọ́n ń jó, wọ́n ní ìyàwó tiwọn dé pẹ̀lú ìró.

Ẹ̀yin nìkan lẹ ṣí fìlà. Ẹ ká ọwọ́ sẹ́yìn, ẹ dúró títí gbogbo rẹ̀ fi dún tán, bí ẹ ṣe máa ń dúró níbi òkú àwọn ọ̀rẹ́ yín. Lẹ́yìn náà ẹ dé fìlà padà, ẹ sọ fún Ẹ̀gbọ́n mi pé ẹ jẹ́ ká máa lọ, wọ́n ti sin òun tán, òun kò sì lè dúró jẹun níbi òkú ara òun. Èmi ò rí èyíkéyìí nínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló sọ ọ́ fún mi lórí fóònù. Èmi ò wẹ̀yìn. Mo gbọ́ tí mọ́tò gbéra, mo rò pé ti àlejò mìíràn ni.

Nígbà tí mo ṣàlàyé ohun tí pétáàdì náà wí létí yín fún ìyá ọkọ mi, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Wọ́n ní ọwọ́ ara òun ni òun fi pa àna òun. Èmi ìyàwó tuntun ni mo wá ń rẹ̀ wọ́n lẹ́kún. Nítorí náà, Bàbá, kì í ṣe àwọn ni mò ń bínú sí, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹ̀yin. Mo mọ ẹni tí mò ń bínú sí.

Ṣé ẹ rántí pé ẹ kò kàn fi ìbọn sílé? Ẹ lọ tọrọ rẹ̀. Kí ìgbéyàwó tó pé, ẹ wọ aṣọ yín tó dára, ẹ lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ní àwọn oníbọn gbọ́dọ̀ lọ láti ìgbà tí òfin tuntun ti dé. Ẹ bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan lẹ́yìn tábìlì. Ẹ ní ọjọ́ kan péré lẹ ń tọrọ, pé ọmọ yín ń lọ́kọ ní Àjàṣẹ́. Ó ní kò burú, ṣùgbọ́n ìwé ìbọn ńkọ́? Ẹ ní kò sí ìwé, alágbẹ̀dẹ ló rọ ọ́ fún bàbá yín. Ó ní kò burú, kí ẹ gbé e wá kí àwọn wò ó, kí àwọn fún un ní ìwé. Ẹ ní ó dára, ẹ ó gbé e wá lọ́la. Ó ní rárá o, ẹ má gbé e wá, ẹni tó bá gbé ìbọn tí kò níwèé gba ojú títì, wọ́n á mú un. Ẹ ní báwo wá ni ìbọn yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ̀? Ó ní kí ẹ mú ìwé dání. Ẹ ní ìwé wo? Ó ní ìwé ìbọn. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà níbẹ̀ sọ pé ẹ wo ọmọ náà títí, ẹ wá bi í bóyá ìyá rẹ̀ mọ̀ pé iṣẹ́ tó ń ṣe nìyí. Àwọn tó wà lórí ìjókòó rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ẹ jáde.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yẹn ní gbogbo ọ̀nà, Bàbá, mo sì lọ sí ilé-ìwé girama, mo ka òfin, mo ka ìṣirò. Kò sí ìṣirò tó lè yanjú rẹ̀. Ẹni tó kọ irú òfin bẹ́ẹ̀ kò fẹ́ kí ìbọn níwèé. Ó fẹ́ kí oníbọn di ọ̀daràn nínú ilé ara rẹ̀, láìdìde, láìrìn.

Níbi iṣẹ́ mi, Sìkírá tó ń rán àpò sí ṣòkòtò ní kí wọ́n tètè gba gbogbo ìbọn lọ́wọ́ àwọn ará oko. Ó ní gbogbo ẹni tó níbọn nínú igbó, olè ni tàbí ọ̀rẹ́ olè. Mo ní bàbá mi ńkọ́? Ó ní òun ò dárúkọ bàbá ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ata bá ta lójú ló ń nu ojú. Mo ní ṣé ó ti rí adigunjalè tó fi ìbọn alágbẹ̀dẹ jalè rí, ìbọn tí èèyàn gbọ́dọ̀ rọ ẹ̀tù sí, kó kì í, kó tún wá iná sí i? Kó tó ṣe é tán, olówó ti lọ sílé, ó ti sùn! Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Sìkírá ní kò burú, ọmọ ọdẹ, òun gbà, ṣùgbọ́n kí n má wo òun bí ẹni tó ń wo òyà. Ọ̀gá wa ní tí a bá ti pa ìjọba tán, kí a bá òun rán kakí. Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Nígbà tí mo wolẹ̀, mo rí i pé mo ti rán ẹsẹ̀ ṣòkòtò méjì pọ̀ mọ́ ara wọn.

Mi ò ní purọ́ fún yín. Ìyá ọkọ mi sọ ohun kan fún mi. Àbúrò wọn ní ọmọbìnrin kan tí ojú rẹ̀ kan fọ́ níbi òkú ọdẹ, lábúlé kan níhà Pobè. Ọkùnrin kan tó ti mutí yó ló yìnbọn, kò gbé ẹnu ìbọn sókè tó. Ọmọ náà ti dàgbà, ó ti bímọ, ó ṣì máa ń yí orí gbogbo kó tó lè rí ẹni tó bá jókòó lápá òsì rẹ̀. Wọ́n ní òun kò kórìíra ọdẹ, ṣùgbọ́n kí n má sọ fún òun pé òfin kò gbọdọ̀ sí. Mo gbà fún wọn, Bàbá. Ẹ̀yin náà á gbà. Ẹ̀yin lẹ máa ń gba ìbọn lọ́wọ́ ọdẹ tó bá ti fi ẹmu kan ẹnu. Òfin nìyẹn, òfin wa ni, a sì mọ ẹni tó ń mú un ṣẹ. Ohun tí mò ń bínú sí ni pé wọ́n ṣe tiwọn bí ẹni pé a kò ní òfin rí.

Èmi àti Rámánù tilẹ̀ jà lórí ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ìjà wa àkọ́kọ́, ẹ bá mi dúpẹ́ pé orí ìbọn ni, kì í ṣe orí obìnrin! Ó ń fọ ìkòkò lọ́wọ́, ó kàn béèrè, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, pé kí ló dé tí Bàbá kò gbà láti fi ìka tẹ ìwé ìforúkọsílẹ̀ ìbọn tí òfin tuntun là sílẹ̀, kí ọ̀rọ̀ parí. Mo gba ìkòkò àti kànìnkànìn lọ́wọ́ rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀. Mo ní ìwé tí wọ́n kọ lédè Faransé láti òkè dé ilẹ̀, ta ni yóò fi ìka tẹ ìdí ohun tí kò mọ̀? Mo ní wọ́n fẹ́ fi òòlù lu nọ́ńbà sára ẹnu ìbọn, irin tó ti ń gba iná láti ayé bàbá bàbá mi. Bó bá sán, tó wá tú lọ́jọ́ kejì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ta ló wà níbẹ̀? Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òṣìṣẹ́ wọn ni àbí ti bàbá mi? Mo ní wọ́n ní kí dókítà kọ ọ́ pé orí bàbá mi pé, bàbá mi tó lè fi ipa ẹsẹ̀ mọ̀ bóyá ẹtu lóyún, dókítà tí a kò rí nígbà tí ejò bu Màmá mi jẹ.

Rámánù ní kí n dá ìkòkò padà fún òun. Mi ò fún un. Mo ní ìrọ̀lẹ́ tí àwọn olè màlúù wọ abúlé wa, ta ló dúró sẹ́nu ọ̀nà? Àwọn ọdẹ ni. Ọlọ́pàá dé lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ohun tí wọ́n sì kọ́kọ́ béèrè ni ẹni tó yìnbọn, kì í ṣe ẹni tó jalè. Mo ní ìmàdò tó ń tú ẹ̀gẹ́ Màmá mi, ṣé wọ́n á fún òun náà ní ìwé tí yóò fi ìka tẹ̀?

Èyí tó wá burú jù lọ ni mo fi parí. Òfin yẹn ní bí oníbọn bá kú, ìwé rẹ̀ kú pẹ̀lú rẹ̀, kí àwọn ará ilé gbé ìbọn lọ fún ìjọba. Rámánù kì í ṣe ọmọ ọdẹ, kò mọ̀. Mo sọ fún un pé lọ́dọ̀ wa, òkú ọdẹ kì í jáde nílé títí àrólé rẹ̀ yóò fi gba ìbọn náà lójú rẹ̀. Wọ́n á gbé e lé ọmọ lọ́wọ́, wọ́n á sọ fún òkú pé ọwọ́ rẹ kò ṣófo, máa lọ. Bí ìjọba bá ti gbé e lọ, kí la ó gbé lé Ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí kò ní tètè dé yẹn? Ìgbà tí mo dé ibẹ̀ ni omijé bọ́, torí pé mi ò fẹ́ ronú kan ọjọ́ náà. Rámánù gba ìkòkò lọ́wọ́ mi. Ó ṣan án, ó dojú rẹ̀ dé. Ó ní òun rò pé ohun ìṣọdẹ lásán ni ìbọn, bíi sípánà òun. Ó ní kí n mú òun lọ sọ́dọ̀ Bàbá, òun á dọ̀bálẹ̀, òun kò ní dìde títí wọn yóò fi ní kí òun dìde. Ṣé ẹ rí irú ẹni tí mo fẹ́, Bàbá? Inú ń bí mi, mo sì fẹ́ fò sókè.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ tí mo tìtorí rẹ̀ kọ̀wé. Ẹ̀gbọ́n mi pè mí. Ó ní ìjọba ti kéde pé àwọn òṣìṣẹ́ ń bọ̀ lábúlé wa lọ́jọ́ tí ọjà máa tún pé, wọ́n á dúró lójúde olórí abúlé, wọ́n á kọ gbogbo ìbọn sílẹ̀, èyí tí wọn kò bá kọ tí wọ́n wá rí lẹ́yìn náà, ẹ̀wọ̀n ni. Ó ní ẹ ti gbẹ́ kòtò lẹ́yìn ahéré. Ẹ ti fi òróró pa ìbọn, ẹ ti fi awọ wé e, ẹ ní kí wọ́n tó fi òòlù kàn án, ilẹ̀ ni yóò gbé e mì. Ó ní àwọn ọdẹ yòókù ń wo ohun tí ẹ bá ṣe, torí ẹ̀yin ni olórí wọn, bí ẹ bá rì í mọ́lẹ̀, gbogbo wọn á rì í.

Bàbá mi, mo bẹ̀ yín. Mo tún kúnlẹ̀. Ẹ má ṣe é.

Kì í ṣe torí pé òfin wọn dára. Ẹ ti gbọ́ ohun tí mo sọ sí i. Ṣùgbọ́n olè ló ń fi nǹkan pamọ́ sínú ilẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá hú u jáde, wọn kò ní bi yín nípa ìmàdò, wọn kò ní bi yín nípa olè màlúù, wọn kò ní béèrè ohun tí àrólé ń gbà lọ́wọ́ òkú. Sìkírá á gbọ́ ọ lórí rédíò, á wò mí, á sì máa rán àpò rẹ̀ lọ. Ẹ bínú pé àwọn àna mi sin yín láàyè. Ẹ tọ́ bínú. Ṣùgbọ́n kòtò tí ẹ gbẹ́ lẹ́yìn ahéré yẹn, ìbọn tí ẹ wé ní awọ, tí ẹ fi òróró pa, tí ẹ fẹ́ tẹ́ sínú ilẹ̀, ta ló ń sin yín níbẹ̀? Ẹ̀yin fúnra yín ni. Ìyá ọkọ mi ṣèèṣì ni. Ẹ̀yin ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.

Ẹ gbé e jáde, Bàbá. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá dé, ẹ gbé e kọ́ èjìká, kí gbogbo ọdẹ gbé tiwọn, kí ẹ jókòó lójúde ní ọ̀sán gangan. Ojúde wa ni, ẹ kò gba títì kankan kọjá, wọn kò lè fi ìyẹn mú yín. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kò burú. Ṣùgbọ́n kí wọ́n fi etí ara wọn gbọ́ pé ẹnikẹ́ni kò ní fi òòlù kan ẹnu ìbọn, kí wọ́n so nọ́ńbà mọ́ ọn lọ́rùn tí wọ́n bá fẹ́ nọ́ńbà. Kí wọ́n ka ìwé wọn jáde lédè tí ẹ gbọ́ kí ìka tó kàn án. Kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọ ń gba ìbọn bàbá. Bí wọ́n bá ní àwọn ò gbà, kí wọ́n sọ ọ́ lójú gbogbo abúlé, kí Màmá mi gbọ́, kí àwọn ọmọdé gbọ́.

Bí ẹ bá wá ń bi mí pé ta ni yóò bá wọn sọ ọ́ lédè Faransé, èmi ni. Ilé-ìwé girama tí ẹ ta awọ ẹran rán mi lọ, kí ni ẹ rò pé mo ń fi ṣe? Mo ti gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá mi. Èmi àti Rámánù ń bọ̀ ní ọ̀sán tó ṣáájú ọjọ́ náà. Ìyá ọkọ mi ń bá wa bọ̀. Wọ́n fẹ́ wá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín, wọ́n sì bi mí pé kí ni òun lè mú lọ́wọ́ wá fún àna òun. Mo ní ohunkóhun tó bá wù wọ́n, kí ó ṣáà má jẹ́ ohun tó ń dún.

Mo mọ̀ pé mi ò gbọdọ̀ wọlé. Mi ò ní wọlé. Màá dúró lábẹ́ igi mángòrò tó wà lẹ́nu ọ̀nà abúlé, níbi tí mọ́tò máa ń já èèyàn sí, màá kọ ojú sí ọ̀nà Àjàṣẹ́, màá kọ ẹ̀yìn sí yín. Rámánù á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo ti sọ fún un pé òun náà kò gbọdọ̀ wẹ̀yìn, ó sì ti ń bẹ̀rù pé òun á gbàgbé. Ẹ̀tù tó kù nínú àdó yín ti tó, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ má ra òmíràn. Ẹ yìn ín sókè lẹ́yìn mi, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń bọ̀ wá ka ìbọn lọ́jọ́ kejì bá òórùn ẹ̀tù lẹ́nu rẹ̀.

Bí ó bá pẹ́, màá dúró. Bí òjò bá dé, màá dúró. Ẹ mọ orí kunkun mi, ọ̀dọ̀ yín ni mo ti jogún rẹ̀, ìjọba kò sì tíì ṣòfin pé kí a dá ìyẹn padà.

Ọlọ́run á lọ́ ẹ̀mí yín gùn, Bàbá. Igbó kò ní dójú tì yín, oko kò ní kọ̀ yín. Màmá mi, ẹ ó fi ọwọ́ yín wẹ ọmọ mi. Ẹ̀gbọ́n mi, ìbọn náà á dé ọwọ́ yín lọ́jọ́ tó bá yẹ, ọjọ́ náà á sì jìnnà. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, ẹ kí àwọn ọdẹ, ẹ kí àwọn ìyàwó ọdẹ tó ń dákẹ́ nígbà tí ọkọ wọn ń gbẹ́ kòtò. Ẹ kí ajá yín pàápàá, ẹ ní mo ń bọ̀.

Èmi ni, ọmọ yín tí kò tíì wẹ̀yìn,

Ọdẹ́bùnmi